Ẹ Se Ẹ̀wà Lẹ́ẹ̀kan, Kẹ́ ẹ Fi Jẹun Fún Ọ̀sẹ̀ Kan (Tó Fi Dórí Fava)

Ìbéèrè méjì lẹ ń bi mí ṣáá. Àkọ́kọ́ ni: "Báwo lẹ ṣe ń se ẹ̀wà tí kì í jẹ gáàsì yín tán, tínú yín kì í sì í wú?" Èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, àwọn tí ọmọ wọn tàbí àbúrò wọn tòkè òkun dé ló ń bi mí, ó kó ẹ̀wà ńlá pẹlẹbẹ kan báyìí wá, awọ ẹ̀ le, wọ́n kọ fava tàbí broad beans sára ẹ̀, ó ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti Kérésì, wọn ò sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ìdáhùn méjèèjì ló wà nísàlẹ̀ yìí. Tó bá jẹ́ torí fava lẹ ṣe wá, ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má fo ibi tí mo kọ "Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó gbé fava kaná" sí.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ ò ju ẹyọ kan lọ: ẹ yé dáná ẹ̀wà lójoojúmọ́. Ẹ sè é lẹ́ẹ̀kan, lálẹ́ Sátidé tàbí Sọ́ńdè, láìfi epo sí i, láìfi ata sí i, kẹ́ ẹ pín in sínú ike, tó bá wá dọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ ẹ́, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ kó tó dé orí tábìlì. Àwọn tó ń sọ pé ẹ̀wà sú àwọn, kì í ṣe ẹ̀wà ló sú wọn, bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ lọ́nà kan ṣoṣo látọdún dé ọdún ló sú wọn.

Ẹ̀wà wo ló wà lọ́wọ́ yín?

Ẹ mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó gbé ìkòkò, torí wọn ò jọ jinná.

- Olóyin: ó dùn lẹ́nu fúnra ẹ̀, ó tètè rọ̀. Òun ni mo máa ń rà jù fún ẹ̀wà ríro àti àdàlú.
- Drum: ó tóbi díẹ̀, ó máa ń wú dáadáa, ó ń pẹ́ lórí iná ju olóyin lọ.
- Ẹ̀wà funfun: àkàrà, mọ́ínmọ́ín, gbẹ̀gìrì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ̀ ọ́, òun ni kẹ́ ẹ rà.
- Òtílí: ó kéré, ó le bí òkúta. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, kẹ́ ẹ sì ní sùúrù.
- Pọ̀pọ̀ndó: ẹ bọ̀ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́, kẹ́ ẹ da omi yẹn nù, kẹ́ ẹ tún omi míì bù sí i, kó wá jinná dénú. Ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ ní àìjinná.
- Ẹ̀wà pupa ńlá ti súpámákẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń pè ní kidney beans: ó ní májèlé nínú tí ò bá jinná, mo máa sọ ọ́ nísàlẹ̀.
- Fava: àwọn ará Íjíbítì ló ń fi jẹun àárọ̀, wọ́n ń pè é ní ful. Kì í ṣe irú kan náà pẹ̀lú olóyin wa.

Rírà lọ́jà

Ọjà Láfẹ́nwá, l'Abẹ́òkúta, ni mo ti máa ń rà á. Ìyá tí mo máa ń bá nájà, tí wọ́n bá ti rí mi, wọ́n á ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò, wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ kan jáde, wọ́n á fẹ́ ẹ fúùù kí èèpo fò lọ, wọ́n á wá dà á sí mi lọ́wọ́, wọ́n á ní "wò ó dáadáa, ọmọ mi." Ẹ̀yin náà, ẹ máa béèrè fún tìsàlẹ̀ àpò, torí tòkè ni wọ́n máa ń ṣà kó lè wu ojú. Kẹ́ ẹ tó sọ pé kí wọ́n wọn kóńgò kan fún yín, ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta yìí:

1. Ẹ gbóòórùn ẹ̀. Ẹ gbé e súnmọ́ imú dáadáa. Tó bá ń rùn bí òògùn apakòkòrò, ẹ dá a padà, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́. Àwọn kan ń fi dichlorvos pa kòkòrò inú ẹ̀wà, torí ẹ̀ náà ni EU, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ṣe fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà lọ sọ́dọ̀ wọn lọ́dún 2015.
2. Ẹ wo ihò ara ẹ̀. Kòkòrò méjì mẹ́ta ò lè pa yín, èmi gan-an ṣì fara mọ́ ẹ̀wà tí kòkòrò díẹ̀ wà nínú ẹ̀ ju èyí tó ń dán tó sì ń rùn lọ. Àmọ́ tí ihò bá ti wà lára ìdajì, ìyẹ̀fun lẹ fẹ́ rà yẹn.
3. Ẹ fi eyín gé ẹyọ kan. Ẹ̀wà tó ti pẹ́ nílẹ̀ máa ń le gbandi, yóò jẹ gáàsì yín gan-an ni.

Rírẹ ẹ̀wà, ibi tí gáàsì àti inú wíwú ti ń parí

Ṣúgà kan wà nínú ẹ̀wà tí ìfun èèyàn ò lè dà, tó bá dé ìsàlẹ̀ ìfun, àwọn kòkòrò àìrí tó wà níbẹ̀ ló ń jẹ ẹ́, àwọn ló ń tú afẹ́fẹ́ tó ń wú wa nínú. Apá kan nínú ṣúgà yẹn ló máa ń bá omi rírẹ lọ, tẹ́ ẹ bá ti wá da omi yẹn nù, ẹ ti dà á nù nìyẹn.

1. Ẹ ṣà á, ẹ fọ̀ ọ́ nígbà méjì.
2. Ẹ da omi sí i kó jẹ́ bí ìlọ́po mẹ́ta ẹ̀wà, ó máa wú.
3. Olóyin àti drum, wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà ti tó. Òtílí, pọ̀pọ̀ndó, ẹ̀wà pupa ńlá àti fava, ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú.
4. Ẹ fi èékánná la ẹyọ kan sí méjì. Tí àárín ẹ̀ bá ṣì funfun gbẹ bí ẹfun, kò tíì mu omi tó.
5. Ẹ da omi ẹ̀ nù, ẹ ṣàn án.

Ẹ gbọ́ o, ooru Abẹ́òkúta kì í ṣeré, pàápàá láàárín February sí April. Ẹ̀wà tẹ́ ẹ rẹ sórí káńtà kíṣìnnì ní aago mẹ́jọ alẹ́, tó bá fi máa di aago mẹ́fà àárọ̀ ó ti ń hó ìfófó, ó ti fẹ́ máa kan. Ẹ gbé e sínú fíríìjì, tí ò bá síná, ẹ pààrọ̀ omi ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sùn, tàbí kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ láàárọ̀ kẹ́ ẹ sè é nírọ̀lẹ́.

*Tẹ́ ẹ bá gbàgbé láti rẹ ẹ́:* ẹ gbé e kaná, kó hó fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, ẹ pa iná, ẹ dé e pa fún wákàtí kan, ẹ da omi nù. Ó ṣiṣẹ́, kò kàn tó rírẹ mọ́jú ni.

Bí a ṣe ń sè é

Kọ́ọ̀pù ẹ̀wà gbígbẹ kan máa di bíi méjì àbọ̀ sí mẹ́ta tó bá jinná, ẹ fi ìyẹn ṣe ìṣirò. Àwa mẹ́rin nílé mi, kóńgò kan kì í tán láàárín ọ̀sẹ̀.

1. Ẹ da ẹ̀wà tẹ́ ẹ ti rẹ sínú ìkòkò, omi tuntun, kó ga jù ú lọ bí ìka méjì.
2. Ẹ gé àlùbọ́sà ńlá kan sí i. Àlùbọ́sà nìkan o.
3. Ẹ jẹ́ kó hó dáadáa, ẹ fi ṣíbí gbọn ìfófó tó wà lókè kúrò.
4. Ẹ wá din iná kù, ẹ dé e. Iná tó ń jó hàà kì í jẹ́ kó yára jinná, omi nìkan ló ń jẹ kíá, ẹ̀wà á sì fọ́ lára kí inú ẹ̀ tó rọ̀.
5. Tí omi bá fẹ́ gbẹ, omi gbígbóná ni kẹ́ ẹ fi kún un. Omi tútù máa ń dá a padà sẹ́yìn.
6. Olóyin tó ti rẹ máa ń gba bí ìṣẹ́jú 40 sí 60. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ fi ahọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè ẹnu, tó bá fọ́ láìlo eyín, ó ti jinná.
7. Iyọ̀ á wọlé níbí, kó tún hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní pressure pot, tó bá ti rẹ, ìṣẹ́jú 10 sí 15 lẹ́yìn tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé ti tó fún olóyin. Ẹ má kún un kọjá ìdajì, torí ìfófó ẹ̀wà lè dí ihò tí atẹ́gùn ń gbà jáde, ewu gidi nìyẹn. Tó bá ti jinná, ẹ jẹ́ kó tutù fúnra ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí i.

Ọ̀rọ̀ káún ńkọ́? Mo mọ̀ pé ìyá wa àgbà ń lò ó, ó sì ń jẹ́ kó rọ̀ kíá lóòótọ́. Àmọ́ káún máa ń ba fítámì B1 inú ẹ̀wà jẹ́, tó bá sì pọ̀ jù ó máa ń ní ìtọ́wò ọṣẹ. Ẹ̀wà tó ti rẹ dáadáa ò nílò ẹ̀. Èmi ò lò ó mọ́.

Pínpín àti títọ́jú

Èyí ni mo ti jìyà ẹ̀ rí. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo se ìkòkò ńlá kan, ó rẹ̀ mí, mo dé e pa pẹ̀lú ooru ẹ̀, mo ní ilẹ̀ á mọ́. Iná lọ, òru yẹn móoru. Láàárọ̀, bí mo ṣe ṣí ọmọrí ni òórùn kíkan gbà mí lójú, ó ń yọ̀ fàà bí ilá, àárín ẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ síbẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ni mo dà nù, ó dùn mí gan-an.

1. Tó bá ti jinná, ẹ bù ú sínú abọ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ méjì mẹ́ta kó lè tètè tutù.
2. Ẹ pín in sí ike, kí ike kan jẹ́ oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ bu omi ẹ̀ díẹ̀ sí i kó má gbẹ.
3. Kó wọ fíríìjì kó tó pé wákàtí méjì tẹ́ ẹ ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀.
4. Fíríìjì: ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Fìríìsà: bí oṣù mẹ́ta.
5. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, kó hó dáadáa. Èyí tẹ́ ẹ ti gbé kaná lẹ́ẹ̀kan, ẹ má dá a padà sínú fìríìsà mọ́.

Ike kan, oúnjẹ kan

*Ẹ̀wà ríro.* Ẹ din ata rodo, tàtàṣé àti àlùbọ́sà nínú epo pupa, irú, edé, pọ̀mọ́ tó ti rọ̀. Ẹ da ẹ̀wà sí i, ẹ fi orógùn tẹ díẹ̀ nínú ẹ̀ fọ́ kó lè ki, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó parí. Dòdò tàbí gàrí, tàbí ẹ̀kọ tútù tó bá jẹ́ alẹ́.

*Àdàlú.* Nígbà tí àgbàdo tútù bá ti wọ ìlú, ẹ bọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, ẹ rẹ́ ẹ kúrò lára kùùkù, ẹ dà á mọ́ ẹ̀wà. Epo díẹ̀, ata díẹ̀. Ẹ má fi nǹkan rẹpẹtẹ sí i, adùn àgbàdo yẹn ni ká máa gbọ́.

*Ti àgọ́nyìn.* Ìgbà tí mo bá ń ṣe èyí, gbogbo ilé ló máa ń mọ̀. Ẹ tẹ ẹ̀wà fọ́ kúnná. Ata gbígbẹ tẹ́ ẹ ti rẹ sínú omi gbóná, ẹ lọ̀ ọ́ kó ṣì rí wóróbo, kì í ṣe kúnná. Ẹ yọ́ epo pupa lórí iná kékeré, ẹ ṣí fèrèsé, kẹ́ ẹ má kúrò nídìí ẹ̀, títí tó fi máa ṣú díẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kó rọlẹ̀ kẹ́ ẹ tó da àlùbọ́sà púpọ̀ sí i, torí tó bá gbóná jù ó máa ta yín lójú. Lẹ́yìn náà ni ata, iná kékeré ni o, fún bí ìṣẹ́jú ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ títí tí àlùbọ́sà á fi pọ́n dúdú tí epo á sì léfòó. Sùúrù àlùbọ́sà yẹn ló ń mú adùn ẹ̀ wá. Búrẹ́dì Agége lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

*Ìrẹsì ẹlẹ́wà.* Ẹ da ẹ̀wà tó ti jinná sí ìrẹsì nígbà tó bá ku díẹ̀ kó gbẹ. Ẹ yé jọ sè wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan á ti fọ́ kí èkejì tó jinná. Ọbẹ̀ ata díndín pẹ̀lú ẹ̀, ó parí.

Àkàrà àti mọ́ínmọ́ín ò sí nínú ike yìí o, torí ẹ̀wà tútù tí a lọ̀ ni wọ́n. Ohun tẹ́ ẹ máa ń bi mí lórí àkàrà ni "kí ló dé tó ń mu epo, tí ò wú?" Omi ti pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni, tàbí ẹ ò pò ó tó, tàbí ẹ ti tètè fi iyọ̀ sí i. Ẹ fi omi díẹ̀ lọ̀ ọ́, ẹ fi orógùn pò ó títí tó fi máa funfun tó sì máa fúyẹ́, kí iyọ̀ wọlé nígbà tí epo bá ti gbóná tán. Fún mọ́ínmọ́ín, ewé ẹ̀ẹ̀ran tàbí agolo, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù sílẹ̀.

Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó gbé fava kaná

Àwọn èèyàn kan wà tí wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ fava rárá. Àwọn ni àwọn tí nǹkan kan tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa, tí wọ́n ń pè ní G6PD, ò pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àìtó yìí wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá, ó sì wọ́pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ, ọ̀pọ̀ ni ò sì mọ̀ pé àwọn ní in torí kò sóhun tó ń ṣe wọ́n. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jẹ fava, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lè máa fọ́, láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Sísè ẹ̀ kì í mú ewu yẹn kúrò.

Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń kìlọ̀ fún ìyá ọlọ́mọ pé kò gbọ́dọ̀ fi kàfúrà sáàárín aṣọ ọmọ? Torí àwọn ọmọ tí G6PD wọn ò tó yìí náà ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ẹ má jẹ fava, ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni jẹ, tó bá jẹ́ pé:

- wọ́n ti sọ fún yín lọ́sibítù pé G6PD yín ò tó
- ọmọ yín ní ibà pọ́njú tó le nígbà tẹ́ ẹ bí i, tí wọn ò sì tíì yẹ̀ ẹ́ wò
- ẹnì kan nínú ẹbí ní ìṣòro G6PD yìí
- ẹ ń fọ́mọ lọ́mú, tẹ́ ẹ ò mọ ti ọmọ náà
- ẹ ń lo òògùn àrùn gbígbọ̀n Parkinson tàbí òògùn MAOI (irú òògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kan): ẹ bi dókítà yín ná

Ìdánwò ẹ̀jẹ̀ lásán ni, ẹ béèrè ẹ̀ ní ọsibítù tó ní láàbù. Tẹ́nì kan bá ti jẹ ẹ́, tí funfun ojú ẹ̀ wá yí padà sí pupa rúsúrúsú, tí ìtọ̀ ẹ̀ dúdú bíi tíì tí ò ní mílíìkì, tó ń rẹ̀ ẹ́, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe àgbo. Olóyin, drum àti ẹ̀wà funfun wa ò ní wàhálà yìí, fava lẹjọ́ náà wà lórí ẹ̀.

Ó dáa, ẹ ti mọ̀ pé ẹ lè jẹ ẹ́. Bá a ṣe ń sè é nìyí

1. Ẹ wò ó bóyá ó ṣì ní awọ. Èyí tí wọ́n ti bó tí wọ́n sì ti là sí méjì ò nílò rírẹ pẹ́, bí ìṣẹ́jú 30 sí 45 ó ti yọ́ di ẹ̀kọ.
2. Tó bá ní awọ, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, wákàtí méjìlá.
3. Ẹ fi èékánná já orí ẹ̀, ẹ fún ìdí ẹ̀, á yọ pùtù bó ṣe ń yọ lára ẹ̀wà àkàrà. Iṣẹ́ díẹ̀ ni, ẹ pe àwọn ọmọ jókòó. Tí ẹ ò bá bó o, awọ yẹn á máa le lẹ́nu, ó sì ń korò díẹ̀.
4. Omi tuntun, àlùbọ́sà, iná kékeré. Tẹ́ ẹ bá ti bó o, bíi wákàtí kan, tó bá ní awọ ó lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.
5. Iyọ̀ nígbẹ̀yìn.

Àwọn ará Íjíbítì máa ń tẹ̀ ẹ́ fọ́, wọ́n á da òróró ólífì, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti áyù sí i, wọ́n á fi búrẹ́dì jẹ ẹ́. Ó dùn bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọbẹ̀ ata gbígbẹ ti àgọ́nyìn tó wà lókè yẹn ni mo fi jẹ tèmi, ó bá a mu ju bí mo ṣe rò lọ. Òórùn ewéko díẹ̀ wà lára fava tí olóyin ò ní, ẹ má rò pé ó ti bàjẹ́.

Àwọn ará ibẹ̀ tún ń fi ṣe ohun tó jọ àkàrà wa gan-an, ta'amiya ni wọ́n ń pè é. Ẹ rẹ fava tí a ti bó, ẹ má bọ̀ ọ́ o, ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà, ẹ dín in. Fava nìkan wúwo. Mo fi ìdajì ẹ̀wà funfun kún un lẹ́ẹ̀kejì, ó sì fúyẹ́ dáadáa.

Tó bá jẹ́ ti inú agolo, ó ti jinná, ẹ kàn da omi iyọ̀ ẹ̀ nù kẹ́ ẹ ṣàn án.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù

- Fífi tòmátì tàbí ata sí ẹ̀wà tó ṣì le. Kíkan tòmátì kì í jẹ́ kó rọ̀, ẹ lè máa sè é títí di òru.
- Sísè ẹ̀wà pupa ńlá lórí iná tí ò hó. Èyí léwu. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi nù, kó hó dáadáa nínú omi tuntun fún 30 ìṣẹ́jú ó kéré tán. Ẹyọ márùn-ún tí ò jinná lè mú èèyàn máa bì láàárín wákàtí mélòó kan.
- Dída ẹ̀wà tuntun mọ́ ti àtijọ́ nínú ìkòkò kan. Wọn ò ní jinná pọ̀ láéláé.
- Ríro o ṣáá látìgbà tó ti ń hó. Ẹ fi í sílẹ̀.

Tí ò bá sí fìríìsà, tàbí iná ò dúró

Ẹ má se ti ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ rẹ kọ́ọ̀pù méjì láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ pààrọ̀ omi ẹ̀ tẹ́ ẹ bá dé, ẹ sè é. Ìwọ̀nba tẹ́ ẹ lè jẹ tán lálẹ́ yẹn ni kẹ́ ẹ sè, kó má ṣẹ́kù di àárọ̀.

Ti gbígbẹ tó ṣẹ́kù, ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ gan-an, kó tutù, ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ, kó kún dé ẹnu, kẹ́ ẹ dé e pinpin kí atẹ́gùn má wọlé. Kòkòrò tó bá wà nínú ẹ̀ ò ní rí èémí mí, wọn ò sì ní lè pọ̀ sí i. Ẹ má máa ṣí i lójoojúmọ́, ẹ bu ti ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ sínú ike kékeré.